Ẹ Ka Owó Oògùn Kí Ẹ Tó Ka Owó Màlúù

Mo ti pé ẹni ọdún 76. Ọdún 35 nínú rẹ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nílẹ̀ Èkìtì, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ aládùúgbò bá gbọ́ sí i, kò burú.

1. Òwe òkété nìkan kò tó mọ́. Lóòótọ́, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yẹn, inú ihò kan náà ni òkété àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ìyá àgbà mi kò mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé sì kún fún ọmọ tó lè pọn omi, tó lè gúnyán. Lónìí, ọmọ òkété kan wà ní Canada, èkejì wà ní Ìkòròdú, oògùn sì ń gba owó lóṣooṣù. Òwe náà kò parọ́, kò kàn sọ iye tí wọ́n ń ta ọmú ni.

2. Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ owó nígbà tí arúgbó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn la ti ń bi ara wa pé ta ni yóò san kí ni. Ọdún mẹ́ta ló lò lórí ibùsùn. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ń fi owó ránṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Èkó ń fi ìlérí ránṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wọn, tó ń ránṣọ ní Adó, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá sílé, ó ń wẹ ìyá rẹ̀, ó ń pààrọ̀ páńpáàsì, ó ń jí lóru láti yí i kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn.

Nígbà tí ìyá kú, wọ́n kọ orúkọ kálukú àti iye tó mú wá. Níwájú orúkọ ọmọ yìí, òdo ni wọ́n kọ. Mo wà níbẹ̀, n kò sì sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí títí di òní. Aṣọ tí kò rán fún ọdún mẹ́ta, ta ló kà á? Nínú ilé yìí, láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe é ti san owó. Ẹ bèèrè iye tí ẹ ó san fún àlejò tó bá wá ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ máa kó o fún ọmọ tó ń ṣe é lóṣooṣù.

3. Màlúù méjì la pa níbi ìsìnkú yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ sin èmi náà dáadáa o! Ṣùgbọ́n ojú mi ọ̀tún ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ fi màlúù kan wò ó.

4. Ẹ má tú ìjọba sílẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 16, sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ kí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì lè wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Abala 6 nínú ìwé kan náà ni kò jẹ́ kí a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa, wọ́n fi tòsì gbà á padà.

Síbẹ̀, ohun tó ṣeé ṣe ni. Ní 2011, nígbà tí Káyọ̀dé Fáyẹmí jẹ́ gómìnà, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tó ti pé 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá kan tó máa ń tú u láti etí ìró rẹ̀ lọ́dọ̀ olóògùn, tí kò ní kọ́kọ́ pe ọmọ kankan lórí fóònù. Ìjọba yí padà, owó náà dúró. Ọjọ́ orí kì í dúró de ìbò.

Èrò tèmi rèé: oúnjẹ, ìwẹ̀ àti ojú tó ń wò mí, ti ọmọ ni. Iṣẹ́ abẹ àti oògùn tí mo máa mu títí dọjọ́ ikú, kí owó orí tí wọ́n yọ nínú owó oṣù mi fún ọdún 35 dá sí i. Bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í ní iye tí yóò kọ sínú ìwé ìṣúná fún àwọn arúgbó. Bó bá pín ìrẹsì dípò ìdáhùn, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ tún bi í.

5. Ẹ̀yin náà ń darúgbó lọ. Òfin 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ó kéré tán náírà 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ pamọ́ de ìfẹ̀yìntì, kí ọ̀gá rẹ̀ fi 10 kún un. Láti 2019, télọ̀, awakọ̀ àti ìyá ọlọ́jà náà lè ṣí irú àpamọ́ yìí fúnra wọn. Òfin 2022 sì sọ ètò ìlera adójútòfò di dandan. Ẹ lọ forúkọ wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọkàn tán an.

6. Ìpàdé wa di Sátidé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi àti iye oògùn mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ará Canada, tan fóònù rẹ. Ará Èkó, ìwọ gan-an ni kó o wá, má ṣe rán ẹnikẹ́ni. Àbúrò yín télọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.