Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Lọ sí Àkànrán
Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ìsinmi àwọn ọmọ ti dé. Mo fẹ́ mú wọn jáde kúrò ní ìgboro Ìbàdàn, kí wọ́n rí ohun ìtàn, ká sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibo ni ká lọ? Èmi Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ gba ọ̀nà Amúlókò, ẹ lọ sí Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà. Ibẹ̀ ni Tàfá Adéoyè, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà, fìdí kalẹ̀ sí nígbà tí owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ kòkó lọ́rùn ní 1968. Ní 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi ní Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Tàfá sọ̀rọ̀ lóko kí ìjà tó rọlẹ̀.

Ẹ má retí ilé ìtàn tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé o. Àgbà ni ẹ ń wá lọ. Ẹ mú obì dání, ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ owó orí sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni àwọn ọmọ fẹ́ràn, Lálúpọn ní Lágelú wà lójú irin àtijọ́ tó dé Òṣogbo ní 1907. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, tó ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀, wà ní Moníyà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìrìn ojú irin sí ọjọ́ mìíràn. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìwó Road nìkan lè jẹ gbogbo ọ̀sán yín.