Kí ẹ tó sanwó pátákó ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣírò iye tí oníbàárà kan máa ná yín

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí oníṣòwò kékeré bá ti ní ìkànnì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi wá bá a pé kó gba àyè fún pátákó ìpolówó lórí ìkànnì ìròyìn tàbí ti àríyá. Pátákó yìí, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní bánà, kò ju àwòrán onígun mẹ́rin tí wọ́n máa ń gbé sí òkè, ẹ̀gbẹ́ tàbí àárín ojú ewé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ìkànnì oníṣòwò náà ló máa gbé e lọ tààrà. Iye èèyàn tí wọ́n máa ń sọ pé yóò rí i sì máa ń pọ̀ débi pé orí oníṣòwò á wú. Ibẹ̀ gan-an ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń wọlẹ̀.

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá, ọdún 1994 ni irú pátákó yìí kọ́kọ́ gbòde, lórí HotWired, ìkànnì tí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn Wired nílẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù AT&T wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sanwó. Ìbéèrè ni wọ́n kọ sára tiwọn, wọ́n bi òǹkàwé bóyá ó ti tẹ ibẹ̀ rí, wọ́n sì fi kún un pé yóò tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ṣe é sọ pé nínú 100 èèyàn tó rí i, nǹkan bí 44 ló tẹ̀ ẹ́. Ohun tuntun ni nígbà náà, ojú kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Lóde òní, bí ẹnì kan péré bá tẹ pátákó nínú 1,000 tó rí i, kò ya àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́.

Kí ló fà á? Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Rice, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Jan Panero Benway àti David Lane, ní kí àwọn èèyàn wá nǹkan kan lórí ìkànnì. Inú pátákó gàgàrà tó yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó yí i ká ni wọ́n fi ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ló wá a tì, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú wọn. Ojú ti mọ̀ pé ìpolówó ni, ó sì fò ó kọjá. Kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba Òṣòdì kọjá láràárọ̀, tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ ariwo àwọn tó ń polówó ọjà mọ́, àfi bí ohun tó fẹ́ rà bá wà lórí igbá wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà díye lé pátákó. Àwọn kan ń gbowó lórí 1,000 ìgbà tó bá hàn, àwọn kan lórí iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn sì ń ta àyè náà ní ọjọ́, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, ìbéèrè kan ló yẹ kí ẹ bi ara yín: kí oníbàárà kan tó ra ọjà, èló ló máa jáde lápò?

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ká ní ìyá kan ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtọ̀kú, l'Abẹ́òkúta, èrè tó sì ń jẹ lórí ọ̀pá márùn-ún jẹ́ ₦4,000. Ó san ₦50,000 fún pátákó lórí ìkànnì ìròyìn tí tọmọdé tàgbà ń kà, wọ́n ní yóò hàn nígbà 100,000. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ nínú 1,000, èèyàn 100 ló máa dé ìkànnì rẹ̀. Bí ẹni méjì nínú wọn bá ra ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, èrè ₦8,000 ló wọlé. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ti ná an ní ₦25,000, ₦4,000 ló sì rí lára rẹ̀. Àdánù ₦42,000 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ta àyè fún un kò purọ́, torí pátákó náà hàn nígbà 100,000 lóòótọ́.

Ká wá ní ó gbé ₦50,000 yìí kan náà lọ sórí ìkànnì kékeré tí àwọn tó ń múra ìgbéyàwó máa ń yà sí. Wọ́n ní ìgbà 20,000 péré ni yóò hàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa sá nígbà tí wọ́n bá gbọ́ iye yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá aṣọ ẹbí ló wà níbẹ̀, bí ẹni márùn-ún bá sì tẹ̀ ẹ́ nínú 1,000, èèyàn 100 náà ni. Bí ẹni méjì péré bá rà nínú wọn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ra ti èèyàn 10, èrè ₦80,000 ló dé. Tí wọ́n bá yọ owó pátákó, ó ku ₦30,000. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí o, kí oníkálukú fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ máa ń padà wá rajà lè fara da ìnáwó tó ga díẹ̀, ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan láyé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí Nairaland, tí Seun Osewa dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò kò gbọ́dọ̀ lọ sanwó sí ẹ̀ka òṣèlú nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀.

Ojú ewé tí pátákó ń gbé èèyàn lọ tún ń kó bá oníṣòwò. Ẹni tó tẹ àwòrán àdìrẹ aláró, àdìrẹ aláró yẹn ló fẹ́ rí, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ àti nọ́ńbà tó lè pè. Àwọn kan á wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kí i káàbọ̀, tí wọ́n ń ròyìn bí iléeṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ta ló béèrè? Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń wò ó, dátà wọn ló sì ń jó. Bí àwòrán bá wúwo débi pé kò tètè ṣí, wọn á ti kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè fi pàṣípààrọ̀ bẹ̀rẹ̀. LinkExchange, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, ìlànà yìí ló lò: ẹni tó bá gbé pátákó ẹlòmíràn sórí ìkànnì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbé tirẹ̀ síbòmíràn lẹ́ẹ̀kan, iléeṣẹ́ náà á sì ta àyè tó ṣẹ́ kù. Microsoft ra iléeṣẹ́ náà lọ́dún 1998 ní mílíọ̀nù 265 dọ́là. Ahunṣọ tó wà ní Ìsẹ́yìn àti ẹni tó ń wé gèlè l'Ékòó kò nílò alágbàtà kankan láti ṣe irú rẹ̀ láàárín ara wọn. Oníbàárà kan náà ni wọ́n ń wá, wọn kì í sì í du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Fún ẹni tó fẹ́ sanwó, ọjọ́ mélòó kan ni kó kọ́kọ́ fi dán an wò, kó má ṣe san ti oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ẹ̀dínwó. Kó ya nọ́ńbà fóònù kan sọ́tọ̀ fún pátákó náà, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí oníbàárà máa sọ kó tó rí ẹ̀dínwó gbà, kó lè mọ ẹni tó tibẹ̀ wá. Èyí ṣe pàtàkì, torí kì í ṣe èèyàn ló ń tẹ gbogbo pátákó. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ kí owó lè máa wọlé fún ẹni tó ni àyè. Bí ìròyìn bá sọ pé 300 èèyàn tẹ̀ ẹ́, tí fóònù kò sì dún lẹ́ẹ̀kan, kí oníṣòwò béèrè àlàyé kó tó san kọ́bọ̀ kún un.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 2022 tí òfin tó gbé àjọ ARCON dìde ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ gba ìyẹ̀wò àjọ náà kó tó jáde. Owó wà fún ìyẹ̀wò yìí, kí oníṣòwò sì kà á mọ́ iye tí pátákó máa ná an.