Wọ́n Dá Mi Dúró Lọ́jọ́ Ìmọ́tótó

Ìbéèrè: Mò ń kó gbágùúdá bọ̀ láti oko ní Sátidé ìmọ́tótó, làwọn kan bá dá mi dúró, wọ́n ní kí n san owó ìtanràn lójú ẹsẹ̀. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? — Àgbẹ̀, Erunmu.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira o. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: òfin wo? Apá 41 ìwé òfin 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn síbi tó wù yín. Lóòótọ́, apá 45 gbà kí wọ́n dín in kù nítorí ìlera ará ìlú, àmọ́ òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Àṣẹ gómìnà lórí rédíò kì í ṣe òfin.

Lọ́yà Ebun-Olu Adegboruwa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó. Ní Máàṣì 2015, Adájọ́ Mohammed Idris dá a láre. Nígbà tó di 2016, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ tí wọ́n fi bu owó ìtanràn lé obìnrin kan lórí irú ẹ̀sùn yìí. Lọ́dún náà ni ìjọba Èkó pa ètò ìmọ́tótó ọ̀hún tì.

Ẹ má gbọ́ mi gbé o: ẹni tó bá da pàǹtí sójú gọ́tà jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ ló sì ń buwó ìtanràn, kì í ṣe ẹni tó dúró lẹ́bàá títì. Bí kò bá sówó lọ́yà lọ́wọ́ yín, ẹ wá Legal Aid Council lọ. Wọ́n ń gba ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún ẹni tówó ò tó.