Ìlù Tuntun, Sípíkà Tuntun: Ohun Èlò ni Ó Ń Yí Padà Tàbí Etí Olùgbọ́?

Ìfáárà
Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ohun èlò tuntun kì í dún bí ó ti yẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àfi bí wọ́n bá lò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó já gaara. Àwọn mìíràn ní ohun èlò kò yí padà rárá, etí olùgbọ́ ni ó mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ yìí gbé èrò méjèèjì yẹ̀ wò nípa lílo ìlù dùndún tí àwọn ayàn Òkè-Ògùn ń lù àti sípíkà tí olùkọ́ ń lò ní kíláàsì.

Awọ Ìlù
Awọ ni wọ́n fi ń bo ojú dùndún méjèèjì, ọsán sì ni ó so wọ́n pọ̀. Bí onílù bá fún ọsán pọ̀, awọ a le, ohùn a sì ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà a máa nà díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa wálẹ̀ títí onílù yóò fi tún ọsán náà fà. Ojú ọjọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà a máa mú awọ le ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin a mú un dẹ̀. Ìdí nìyí tí onílù fi ń sá ìlù sóòrùn. Ìyípadà yìí wà nínú awọ gan-an, kì í ṣe nínú etí nìkan.

Ojú Sípíkà
Sípíkà náà ní ohun tí ó jọ awọ. Rọ́bà tàbí aṣọ ni ó di ojú rẹ̀ mú bí ó ti ń mì síwá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ lò ó, ohun tí ó dì í mú yìí a rọ̀ díẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì lè wọn ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rírọ̀ yìí ń parí láàrin ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀, ohùn tó rinlẹ̀ ni ó sì kàn jù. Nípa ti wáyà, kò sí ohun tí ń mì nínú rẹ̀ tí lílò lè mú rọ̀. Ẹni tí ó bá ní ohùn ẹ̀rọ òun ń dára sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀ sí ibòmíràn.

Etí Olùgbọ́
Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ohùn tí ó ń mì láàrin ìgbà 300 sí 3,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ju nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 lọ. Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá a máa dá "ọkọ", "ọkọ́", "ọkọ̀" àti "ọ̀kọ̀" mọ̀ lórí tẹlifóònù, nítorí pé etí àti ọpọlọ ń fi èyí tí ó kù parí èyí tí ó sọnù. Bákan náà, ìrántí kúlẹ̀kúlẹ̀ ohùn kì í pẹ́ lórí ẹni. Ẹni tí ó ń fi ohùn òní wé ti oṣù tó kọjá, ìrántí ni ó ń bá ṣe àfiwé.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́
Olùkọ́ tí ó ti gbọ́ ìjálá kan lórí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà ogún ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ń bo ohùn mọ́lẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan tó yéni. Wọn a wá pe àìgbọ́ rẹ̀ ní òpònú. Bákan náà ni ẹni tí ó ra ẹ̀rọ tí kò dára lè máa dúró kí ó "là", títí ọjọ́ tí ó lè dá a padà yóò fi kọjá.

Ọ̀nà láti mọ òótọ́ kò le. Kí wọ́n gbé sípíkà méjì irú kan náà, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan tí wọ́n ti lò, sẹ́yìn aṣọ. Kí ẹni kan máa pààrọ̀ wọn láìjẹ́ kí olùgbọ́ mọ èyí tí ó ń dún, kí ohùn méjèèjì sì ròkè bákan náà. Bí olùgbọ́ bá gba nǹkan bí márùn-ún nínú mẹ́wàá, àbá lásán ni ó ń dá.

Ìgúnlẹ̀
Ohun èlò a máa yí padà níbi tí awọ tàbí rọ́bà bá wà. Etí pẹ̀lú a máa kọ́ ohun tí ó ń gbọ́. Èyí tí ó kọ́kọ́ yẹ kí olùkọ́ fura sí ni etí tirẹ̀. Kí ó tó lo ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́, kí ó pe ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí ó sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́.