Màríà Béèrè Kó Tó Gbà

Bíbélì kíkà: Lúùkù 1:26–38

Kí ẹ tó fi fóònù sílẹ̀, kí ẹ tó sáré jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ wo ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan láàárọ̀ yìí.

Gbogbo wa la mọ Màríà gẹ́gẹ́ bí ìyá Jésù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì wọlé tọ̀ ọ́ ní Násárẹ́tì, kò tíì di ìyá ẹnikẹ́ni. Àfẹ́sọ́nà ni. Ó ti ní ẹni tó ń fẹ́ ẹ, ìyẹn Jósẹ́fù láti ìdílé Dáfídì, àmọ́ kò tíì wọ ilé ọkọ. Láàárín àwọn Júù ayé ìgbà yẹn, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré rárá. Bí ọkùnrin kò bá ṣe mọ́, àfi kó fún obìnrin náà ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀, bí ẹni tó ti gbé e wọlé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí áńgẹ́lì mú wá yìí lè tú gbogbo ètò ká. Orúkọ rẹ̀, ojú tí àwọn ará àdúgbò fi ń wò ó, ìfẹ́ Jósẹ́fù sí i, gbogbo rẹ̀ pátá ló wà nínú ewu.

Èmi tí mò ń kọ èyí, àfẹ́sọ́nà lèmi náà. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa, àwọn òbí sì ti mú ọjọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka orí yìí lọ, tí mo ń kà á bọ̀, láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó dá mi dúró níbẹ̀ ni pé Màríà béèrè ìbéèrè.

Ẹ wo bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ní ẹsẹ 29, ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú, ó sì ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀. Ní ẹsẹ 34, ó bi áńgẹ́lì léèrè bí nǹkan yìí yóò ṣe ṣẹlẹ̀, nígbà tí òun kò tíì mọ ọkùnrin. Ẹsẹ 38 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìfẹ́ Olúwa. Ó gbọ́, ó rò ó, ó béèrè, ó sì gbà. A máa ń wàásù lórí ẹsẹ 38 dáadáa. Ẹsẹ 34 la máa ń fò.

Áńgẹ́lì náà kò sì bá a wí. Ṣe ló dá a lóhùn. Ó ṣàlàyé fún un, ó tún fi ọ̀rọ̀ Èlísábẹ́tì ìbátan rẹ̀ kún un, ẹni tí wọ́n ti ń pè ní àgàn, tí oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ni pé ìdáhùn wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tó béèrè ló rí i gbà.

Ẹnì kan lè ní, "Sakaráyà ńkọ́? Ṣé òun náà kò béèrè ni? Kí ló dé tí ó fi yadi?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ padà sí ẹsẹ 18 sí 20. Sakaráyà ń bi áńgẹ́lì pé kí ni òun fẹ́ fi mọ̀ pé òótọ́ ni, áńgẹ́lì fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba pé kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Màríà ní tiẹ̀ kò sọ pé irọ́ ni. Bí yóò ṣe rí ló fẹ́ mọ̀. Ìbéèrè àìgbàgbọ́ ń wá ibi tí yóò gbà sá lọ. Ìbéèrè ìgbàgbọ́ ń wá ọ̀nà tí yóò tọ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń mẹ́nu ba èyí? Torí pé láàárín àwa ọ̀dọ́bìnrin tá a ti ní òrùka lọ́wọ́, ìbéèrè ti di ohun ẹ̀rù. Bó o bá béèrè, wọ́n á ní o ò nígbàgbọ́. Wọ́n á ní ṣebí Ọlọ́run ló fi hàn yín, kí lo tún ń wá? Ẹlòmíì á rọra sọ ọ́ sí ẹ létí pé, "Ọkọ ò sí níta mọ́ o, má fi ọwọ́ ara ẹ lé e lọ." Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa yan àwọ̀ aṣọ ẹbí fún oṣù mẹ́ta, tá a ó máa jiyàn lórí bóyá ìrẹsì tàbí iyán ni àwọn àlejò máa jẹ, tí ọ̀rọ̀ tá a máa bá gbé fún ogójì ọdún ò sì ní jáde lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, ẹ̀yin ará. Àwọn baba wa béèrè. Kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n á rán alárinà, wọ́n á ṣe ìwádìí: àrùn wo ló wà nínú ìdílé yẹn, ṣé gbèsè kò sí lọ́rùn wọn, irú ìwà wo ni wọ́n ń hù? Òfin ilẹ̀ wa náà ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó alárédè yóò kọ́kọ́ fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21 kí wọ́n tó fún un níwèé ẹ̀rí. Ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ń béèrè. Nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó sétí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kó wáyé lè sọ̀rọ̀. Bí baba, òfin àti ìjọ bá lè béèrè, ṣé àwa méjèèjì tá a fẹ́ jọ gbé ló wá yẹ ká dákẹ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí kò yẹ kó dúró di ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni ti ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. AS kì í ṣe àìsàn. Èèyàn lè ní in kó máà mọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àmọ́ bí AS bá fẹ́ AS, ọmọ lè bá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wáyé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá bí ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló máa jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta yòókù á bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀: nígbàkígbà tí obìnrin náà bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ó lè jẹ́ ọmọ kan, ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè má jẹ́ ìkankan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gba èsì àyẹ̀wò kí wọ́n tó bá èèyàn mú ọjọ́. Àyẹ̀wò náà kò le, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á fà. Ẹ ṣe é níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé àṣìṣe máa ń wà. Ẹ sì ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra, kí àwọn ẹbí tó pàdé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú àrùn yìí, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru, ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ìdálẹ́bi. Ẹ ṣe iyebíye lójú Ọlọ́run àti lójú wa. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún wa pé ká béèrè.

Ìbéèrè kejì ni ti owó. Ní kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ìyá tó ń kọ́ wa pín bébà fún wa. Wọ́n ní kí kálukú kọ ohun mẹ́ta: iye tó ń wọlé fún un lóṣù, gbèsè tó jẹ, àti ẹni tó ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ká wá pààrọ̀ bébà. Èmi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù mi ló ń lọ sílé, torí owó ilé ìwé àbúrò mi àti oúnjẹ ìyá mi. Àfẹ́sọ́nà mi kọ owó tó yá ní kọ́-ópùrétífù nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ̀, tó ṣì ń san díẹ̀díẹ̀. A ka bébà ara wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Tá a bá ti fẹ́ra tán, ṣé owó ìyá mi á ṣì máa lọ?" Òun náà bi mí pé, "Ṣé wàá lè fara da ọdún kan àtààbọ̀ tí màá fi san gbèsè yìí tán?" A ò jà. A ò tíì rí gbogbo ìdáhùn náà, àmọ́ a ti mọ ibi tá a dúró. Ó di dandan ká yan gbọ̀ngàn tó kéré, ká dín iye àlejò kù. Inú àwọn kan nínú ẹbí méjèèjì kò dùn sí i, wọ́n sì ń sọ ọ́. A ń bẹ̀ wọ́n. Ó sàn kí wọ́n bínú sí wa ní ọjọ́ kan ju kí a máa fi gbèsè ọjọ́ kan bá ara wa jà fún ọdún márùn-ún. Jésù náà sọ ọ́ nínú Lúùkù 14:28 pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tó máa ná an.

Mo mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọbìnrin lẹ́rù. Bí mo bá béèrè, tó bá lọ ńkọ́? Àní, ó lè lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín láàárọ̀ yìí. Èsì àyẹ̀wò lè jẹ́ AS àti AS, kí omijé sì bọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ ò mọ́ lè bínú pé o fẹ́ mọ àṣírí òun, kó bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbéèrè bá lè tú ká, òrùka ò lè so ó pọ̀. Kò sí ìgbà tí òótọ́ ò ní jáde. Bóyá kí ọmọ tó dé ni, bóyá lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run tó dúró ti Màríà nígbà tí ètò rẹ̀ fẹ́ dàrú, òun náà ló rán áńgẹ́lì sí Jósẹ́fù lójú oorun. Ẹ ka Mátíù 1:19 àti 20, ẹ óò rí i pé Jósẹ́fù náà ń rò ó lọ́wọ́ ni ìdáhùn fi dé bá a. Àwọn méjèèjì rò ó jinlẹ̀, kò sì ba ìpè wọn jẹ́.

Àmọ́ o, ẹ má gbàgbé ẹsẹ 38. Màríà kò jókòó sórí ìbéèrè títí ayé. Nígbà tí ó gbọ́ ìdáhùn, ó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé áńgẹ́lì kò sọ fún un bí Jósẹ́fù yóò ṣe gbà á tàbí ohun tí àwọn ará Násárẹ́tì yóò sọ. Ibi tí ìdáhùn bá pin sí, ibẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi kò lè mọ̀ bóyá ara á máa le, bóyá iṣẹ́ á máa wà. A ó béèrè èyí tó ṣeé béèrè, a ó fi ìyókù lé Olúwa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ àti nílé aya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lè bi yín. Bí ọmọ yín bá wá bá yín ní alẹ́ pé nǹkan kan ń kọ òun lóminú, ẹ má ṣe wo ti káàdì ìpè tí ẹ ti tẹ̀. Àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Fún àṣàrò lónìí: Ìbéèrè wo lo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, nínú ìfẹ́sọ́nà, nínú ilé, tàbí lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé ibi tí wàá sá sí lò ń wá ni, àbí ọ̀nà tí wàá tọ̀? Ta lo lè bi kí ilẹ̀ òní tó ṣú?

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé O kì í bínú sí ọmọ tó béèrè. Fún wa ní ìgboyà láti sọ òótọ́ fún ara wa, àti etí láti gbọ́ ọ. Ràn gbogbo àfẹ́sọ́nà tó wà lórí ìlà yìí lọ́wọ́. Tu àwọn tí ìdáhùn dùn nínú. Lẹ́yìn tí a bá ti béèrè tán, fún wa ní ọkàn Màríà láti gbà. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú ọjọ́ òní o. Olúwa á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.