Èrìgì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ń run orín láàárọ̀. Ó tutọ́, ó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù bà á, kò run orín mọ́. Nígbà tó pẹ́, ẹnu rẹ̀ ń rùn, eyín rẹ̀ méjì sì ń mì.

Kí ló fà á?

Bí a kò bá fọ ẹnu dáadáa, ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé inú rẹ̀. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìdọ̀tí náà bá pẹ́, á le bí òkúta, orín kò ní lè mú un kúrò mọ́. Àrùn á wọ egungun tó di eyín mú, eyín á sì yọ. Tábà àti àtọ̀gbẹ máa ń mú un burú sí i.

Kí la ó ṣe?

1. Ẹ máa fọ ìdí eyín, níta àti nínú, láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn.

2. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ rọra máa fọ̀ ọ́. Ẹ po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ṣan ẹnu, ẹ tu ú dànù.

3. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí eyín ń mì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn á ha ìdọ̀tí líle náà kúrò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú pẹ̀lú ibà, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n ha eyín Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀kan dúró, ọ̀kan yọ. Ó ní: «Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí ń kìlọ̀ fún mi ni.»

Ìbéèrè: Kí ni ìyá yìí ìbá ti ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀?