Ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀: Èyí tó rọrùn láti ṣètò ló yẹ kéèyàn náwó lé

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Wọn a béèrè iye wákàtí tó lè gbà, wọn a béèrè bóyá àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere, wọn a sì dúnàá-dúrà títí tí nǹkan díẹ̀ á fi kúrò lórí owó ẹ̀. Ìbéèrè tó ṣe kókó jù ni wọn kì í rántí: ta ló máa ṣètò ẹ̀rọ yìí nílé, ṣé onítọ̀hún sì máa mọ̀ ọ́n ṣe?

Ká sọ pé ìyá kan ń ta aṣọ lọ́jà Gbági, n'Ìbàdàn. Aago méje alẹ́ ni eré tó fẹ́ràn máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó ti ọjà délé, aago mẹ́jọ ti kọjá. Ló bá ra ẹ̀rọ tí á máa bá a gba eré náà sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé, ó sì padà síléèwé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ti di ohun ọ̀ṣọ́ lábẹ́ tẹlifíṣàn. Olè kò jí owó ìyá, ṣùgbọ́n owó ọ̀hún ti ṣòfò.

ÌṢÒRO YÌÍ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Láti ayé fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Iléeṣẹ́ Sony gbé Betamax jáde ní 1975, JVC sì gbé VHS tiwọn jáde ní Japan ní 1976. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà gba ètò sílẹ̀ nígbà tí kò sí nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò aago ẹ̀, kó yan ọjọ́, kó yan ìkànnì, kó yan àkókò tí ètò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí, kó sì rántí fi kásẹ́ẹ̀tì tó ṣófo sínú ẹ̀. Bó bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo ṣe níbẹ̀, òmíràn ni ẹ̀rọ máa gbà sílẹ̀. Èyí ló fà á tí aago ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi máa ń ṣẹ́jú ní 12:00 lójoojúmọ́, nítorí pé nígbà tí iná lọ tó sì dé, àwọn tó ni ín kò mọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe.

Ní 1990, wọ́n mú ọgbọ́n kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní VCR Plus+. Àwọn ìwé ìròyìn á tẹ nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan, olówó ẹ̀rọ á kàn tẹ nọ́ńbà náà sórí rìmóòtù, iṣẹ́ ti parí. Ní 1999, TiVo àti ReplayTV tún gbé ẹ̀rọ tí kò lo kásẹ́ẹ̀tì rárá jáde. Orí háàdì dísìkì ló ń kó ètò sí, orúkọ ètò sì máa ń hàn lójú tẹlifíṣàn kí èèyàn lè fi rìmóòtù yàn án. Nígbà tó máa fi di July 2016, iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tí wọ́n mọ̀ sí ẹni ìkẹyìn tó ṣì ń ṣe ẹ̀rọ VHS, ti dáwọ́ dúró.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí ni pé àwòrán tó mọ́ nìkan kọ́ ló gbé ẹ̀rọ tuntun ga ju ti àtijọ́ lọ. Dídín tí wọ́n dín iye ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kù wà lára ẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ló yẹ kí oníbàárà mú lọ sọ́jà.

OHUN TÓ WÀ LỌ́JÀ

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú ẹ̀rọ yìí pín sí nílẹ̀ wa. Èkíní ni dẹ́kódà onísanwó tó ní háàdì dísìkì nínú, irú bí Explora tí MultiChoice kọ́kọ́ gbé jáde ní 2013. Èkejì ni dẹ́kódà tí kò ní owó oṣù, tí wọ́n ń so mọ́ díìṣì, tó ní ojú ihò USB tí èèyàn lè ki fílááṣì bọ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn tẹlifíṣàn kan tí wọ́n fúnra wọn lè gba ètò sílẹ̀ sórí fílááṣì. Kì í ṣe gbogbo ihò USB ló ń gba ètò sílẹ̀ o; òmíràn wà tó jẹ́ pé fíìmù àti orin nìkan ló lè fi hàn. Kí oníbàárà rí i pẹ̀lú ojú ara ẹ̀ kó tó sanwó.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ TÓ YẸ KÍ OLÙRÀ BÉÈRÈ

Àkọ́kọ́, ṣé aago ẹ̀rọ máa ń tún ara ẹ̀ ṣe? Inú ìgbì tó ń ti orí sátẹ́láìtì bọ̀ ni ọ̀pọ̀ dẹ́kódà ti ń mú aago. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un pé Nàìjíríà ló wà, ìyẹn GMT+1. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ sórí GMT lásán, wákàtí kan ni aago ẹ̀ máa fi fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fọwọ́ kọ aago méje sí i, aago mẹ́jọ ló máa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí eré ti lọ.

Ìkejì, ṣé àkójọ orúkọ ètò máa ń jáde, ṣé títẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo sì tó láti yan ètò? Èyí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ tó dáa, èèyàn á gbé àmì sórí orúkọ ètò, á tẹ bọ́tìnì pupa, ó parí. Èyí tó tún dáa jù ni èyí tó máa béèrè bóyá kó máa gba eré náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lójoojúmọ́. Àmọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ló ń fi àkójọ yìí ránṣẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é bó ṣe yẹ, pàápàá lórí àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́. Nítorí náà, kí olùrà ní kí wọ́n gbé e sórí ìkànnì tí òun gan-an ń wò, kó wò ó bóyá orúkọ ètò máa hàn. Bí kò bá hàn, ọwọ́ ni wọ́n á máa fi kọ àkókò sí i.

Ìkẹta, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ? Kò sí dẹ́kódà tó máa gba ètò sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí èyí tó dáa ṣì rántí gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i nígbà tí iná bá dé, kó sì bá iṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí iná bá dé, wọn a sùn síbẹ̀ títí tí èèyàn á fi tẹ rìmóòtù. Ilé tó bá ní ínfátà ní láti so dẹ́kódà mọ́ ọn. Kí àwọn ará ilé náà sì mọ̀ pé rìmóòtù ni wọ́n máa fi pa á, kì í ṣe ara ògiri.

Ìkẹrin, ṣé wọ́n lè máa wo ìkànnì kan nígbà tó bá ń gba òmíràn sílẹ̀? Dẹ́kódà tó bá ní ẹyọ ohun èlò ìgbàgbì kan ṣoṣo nínú kì í sábà lè ṣe é, àfi bí ìkànnì méjèèjì bá jọ wà lórí ìgbì kan náà. Bí bàbá bá ń wo bọ́ọ̀lù, tí ìyá sì fẹ́ gba eré sílẹ̀, ìjà lèyí máa dá sílẹ̀ nínú ilé.

Ìkarùn-ún, báwo ni àyè ẹ̀ ṣe tó? Ètò tí ìgbì ẹ̀ jẹ́ mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa gba gígábáìtì 1.8 fún wákàtí kan. HD tó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 8 máa gba 3.6. Fílááṣì gígábáìtì 32 á gba nǹkan bíi wákàtí 17 nínú ti àkọ́kọ́, àti bíi wákàtí 8 nínú HD. Ohun kan tún wà níbẹ̀: fílááṣì tí wọ́n tò sí ọ̀nà FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó ju gígábáìtì 4 lọ. Bọ́ọ̀lù HD wákàtí mẹ́ta tó nǹkan bíi gígábáìtì 11. Dẹ́kódà kan á gé e sí wẹ́wẹ́, òmíràn á dúró lágbede méjì.

Ìkẹfà, ṣé wọ́n ti tì í pa? Ètò tí dẹ́kódà onísanwó bá gbà sílẹ̀ kì í sábà ṣeé wò lórí ẹ̀rọ mìíràn, ó sì lè má ṣeé wò mọ́ bí owó oṣù bá tán. Kí olùrà tún béèrè bóyá owó mìíràn wà tí wọ́n ń san lóṣooṣù kí wọ́n tó lè lo ìgbàsílẹ̀ náà. Owó ẹ̀rọ pẹ̀lú owó ọdún kan lápapọ̀ ni iye tó rà á gan-an.

KÍ ẸNI TÓ MÁA LÒ Ó FỌWỌ́ ARA Ẹ̀ DÁN AN WÒ

Ọwọ́ ọlọ́jà yá nídìí rìmóòtù, ojoojúmọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Nǹkan tó bá ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè gba ẹlòmíràn ní ìdajì wákàtí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùrà kàn dúró máa wòran.

“Ìyá, ẹ wò ó bí mo ṣe ṣe é, kò le rárá,” ni ọlọ́jà máa wí.

Èsì tó yẹ kí ìyá fún un ni pé: “Ó ṣeun, ọmọ mi. Gbé rìmóòtù náà wá, kí èmi náà ṣe é, kí o má sọ nǹkan kan fún mi.”

Iṣẹ́ mẹ́ta ni kó ṣe níbẹ̀. Kó yan ètò ọ̀la láti gbà sílẹ̀. Kó wá ètò tó ti gbà sílẹ̀, kó wò ó. Kó pa ọ̀kan rẹ́. Bó bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún láìwo ìwé ìlànà, ẹ̀rọ náà bá a mu. Bí kò bá lè ṣe é, kó gbé e sílẹ̀, bó ti wù kí owó ẹ̀ kéré tó. Kó yọ okùn iná ẹ̀ lẹ́yìn náà, kó kì í padà, kó sì wò ó bóyá iṣẹ́ tó kọ sí i ṣì wà níbẹ̀. Kó wo rìmóòtù pẹ̀lú: ṣé lẹ́tà orí bọ́tìnì ẹ̀ tóbi tó fún ojú àgbà, ṣé wọ́n sì ń ta òmíràn bí èyí bá bàjẹ́?

Ọlọ́jà tó bá gbọ́n kì í bínú sí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá mọ ohun tó rà lò kì í dá a padà.

BÓYÁ KÒ TILẸ̀ YẸ KÓ RÀ Á

Àwọn eré kan wà tí iléeṣẹ́ tó ni wọ́n ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Ẹni tó jẹ́ pé eré kan ṣoṣo ló ń tìtorí ẹ̀ ra ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ṣírò dátà pẹ̀lú. Netflix sọ pé àwòrán lásán lè gba tó gígábáìtì 1 fún wákàtí kan lórí tiwọn, HD sì lè gba tó 3. Ẹni tó ń wo wákàtí kan lójoojúmọ́ lè fi dátà jẹ gígábáìtì 30 lóṣù, nígbà tó jẹ́ pé ètò tí dẹ́kódà bá gbà sílẹ̀ láti orí díìṣì kò jẹ dátà kankan. Kó fi owó méjèèjì wéra, kó tó pinnu.

Bó bá wá rà á, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ètò, kó sì parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó lè wọ àfikún àsìkò àti pẹnáritì, wákàtí mẹ́ta ni kó fún un. Kó kọ ìgbésẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e sórí bébà lédè Yorùbá, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn. Bí bébà náà bá ju ìlà mẹ́rin lọ, a jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ṣòro ló rà.